Ẹ̀ka Tó Pẹ́ Kó Tó Padà Sídìí Igi: Ìtàn Bí Àwọn Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Ọgbọ́n Ìjùmọ̀ṣiṣẹ́

Nígbà tí mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí n kò jẹ́ gbàgbé. Ìròyìn kan tó gbẹgẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Èmi ń tún ẹ̀dà kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Igbákejì olóòtú ń tún ẹ̀dà mìíràn ṣe lórí tirẹ̀. Mo ti yọ orúkọ ẹnì kan kúrò nínú ìròyìn náà, nítorí agbẹjọ́rò wa sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òun náà ti tún àkọlé àti ìparí rẹ̀ kọ. Nígbà tí agogo mọ́kànlá alẹ́ lù, ẹ̀dà tirẹ̀ ló lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ tí mo yọ wà nínú ìwé ìròyìn gbangba gbàǹgbà. Kò sí ẹni tó hùwà ibi nínú àwa méjèèjì. Iṣẹ́ rere méjì ni a ṣe lórí ìwé kan ṣoṣo, a kò sì ní ọ̀nà tí a ó gbà so méjèèjì pọ̀.

Mo rántí alẹ́ yẹn láìpẹ́ yìí, nígbà tí àbúrò mi kan tó ń bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yaba, ní ìlú Èkó, ń ròyìn awuyewuye tó wà ní ọ́fíìsì wọn fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, àríyànjiyàn la fi ṣe. Àwọn kan ní kí olúkúlùkù máa ya ẹ̀ka tirẹ̀ sọ́tọ̀ títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Àwọn kan ní kí gbogbo wa máa ṣiṣẹ́ lórí ìtì kan ṣoṣo lójoojúmọ́. Èwo ló tọ̀nà gan-an?” Mo sọ fún un pé kó fún mi láyè kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí nínú ìtàn ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí pé kì í ṣe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ẹlòmíràn jùmọ̀ kọ ìwé kan rí yóò mọ̀ ọ́n lára.

Àká, ìtì àti ẹ̀ka

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣàkóso ẹ̀dà jẹ́ ìwé ìrántí fún iṣẹ́. Nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá yí nǹkan padà, ètò náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló yí i, ọjọ́ wo ló yí i, kí ló yí, kí sì ni ìdí rẹ̀. Ibi tí àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ń gbé ni èmi yóò máa pè ní àká, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń kó irè oko wọn sí. Ojúlówó ẹ̀dà, èyí tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni iṣẹ́ náà gan-an, ni ìtì igi. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe àtúnṣe láìdí àwọn yòókù lọ́wọ́, yóò ya ẹ̀ka kan lára ìtì, yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka náà, lẹ́yìn èyí ni yóò wá dà á padà mọ́ ìtì.

Níbí ni igi àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀ sí igi inú igbó. Ẹ̀ka ìrókò kì í padà sínú ìtì rẹ̀. Ẹ̀ka tiwọn gbọ́dọ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ti di òfo. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ yìí ló dá gbogbo ìjà sílẹ̀ láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ìgbà tí a ń ti ilẹ̀kùn

Ní ọdún 1972, Marc Rochkind, òṣìṣẹ́ Bell Labs ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní SCCS. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí baba ńlá àwọn ètò ìṣàkóso ẹ̀dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Walter Tichy ní Yunifásítì Purdue ṣe èyí tó tẹ̀lé e, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RCS. Ìlànà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé: ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe fáìlì kan yóò kọ́kọ́ tì í pa. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn lè ka fáìlì náà, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i.

Ìlànà yìí ní ọgbọ́n nínú. Ká ní a ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni kì bá tí jáde. Ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀. Bí ẹni tó ti fáìlì pa bá lọ sí ìsinmi, tí ó gbàgbé láti ṣí i, àwọn tó kù yóò kàn káwọ́ gbera ni. Bí òṣìṣẹ́ bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlà àwọn tó ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ń gùn sí i.

Olùkọ́ Yunifásítì kan ní ìlú Amsterdam, Dick Grune, ni ìṣòro yìí sún dé ògiri. Láàárín ọdún 1984 sí 1985, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ń jùmọ̀ ṣe ètò kan tó ń túmọ̀ èdè C fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Èkejì kò ní àkókò kan pàtó. Grune fúnra rẹ̀ kì í ráyè àfi lálẹ́. Àwọn mẹ́ta tí wọn kì í sábà pàdé kò lè máa fi kọ́kọ́rọ́ dúró de ara wọn. Grune wá kọ ohun tó di CVS, ó sì fi í síta fún gbogbo ayé ní ọdún 1986.

Ohun tí CVS mú wá yí ìrònú padà. Kò sí títì mọ́. Olúkúlùkù yóò mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ, yóò ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ padà dé yóò kó tirẹ̀ sí àká. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe, tí yóò sì da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ pé apá ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn, kọ̀ǹpútà yóò so ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì yí padà, ìforígbárí dé nìyẹn, ènìyàn ni yóò parí rẹ̀. Ìbẹ̀rù tó wà tẹ́lẹ̀ ni pé ìforígbárí yóò pọ̀ jù. Ìrírí fi hàn pé kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń tètè padà wálé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Bí ẹ̀ka ṣe di ọ̀fẹ́

Nínú CVS, yíya ẹ̀ka jẹ́ iṣẹ́ àṣekára, nítorí pé ètò náà ní láti sàmì sí fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ CollabNet bẹ̀rẹ̀ Subversion ní ọdún 2000 láti tún àléébù rẹ̀ ṣe, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004. Subversion mú kí yíya ẹ̀ka rọrùn. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́rin gbáko, títí di ìgbà tí ẹ̀dà 1.5 jáde ní ọdún 2008, kò lè rántí fúnra rẹ̀ àwọn àtúnṣe tó ti padà sídìí igi àti èyí tí kò tíì padà. Òṣìṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́ sínú ìwé pélébé. Ìlọ rọrùn, àbọ̀ ló nira. Ẹni tó bá rìnrìn àjò nírú ayé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ jìnnà sílé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005 ni ohun gbogbo yí padà. Àwọn tó ń ṣe Linux, ètò tí ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, ti ń lo BitKeeper láti ọdún 2002. Ilé iṣẹ́ kan tí Larry McVoy ń darí ló ni BitKeeper. Ó gbà kí wọ́n máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ààlà sí ohun tí wọ́n lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ kan láti Ọsirélíà, Andrew Tridgell, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ètò náà ṣe ń bá sáfà rẹ̀ sọ̀rọ̀, inú bí McVoy, ó sì fagi lé ọ̀fẹ́ náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìlà iṣẹ́ wá wà nílẹ̀ láìní àká.

Torvalds kò wá àká mìíràn rà. Ó jókòó ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 7 oṣù náà, ètò tuntun yìí, Git, ti ń tọ́jú ìtàn ara rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, ó fa iṣẹ́ Git lé Junio Hamano lọ́wọ́, ẹni tó ń bójú tó o láti ìgbà náà wá.

Nínú Git, ẹ̀ka kì í ṣe àdàkọ gbogbo iṣẹ́. Àmì kékeré kan ni, tí ó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 péré, tó ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ dé. Ní ìṣẹ́jú kan, ènìyàn lè ya ẹ̀ka mẹ́wàá. Git sì tún ń rántí orísun ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ìdàpọ̀ náà rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀fẹ́ máa ń dá sílẹ̀: àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀ka yanturu, láìbi ara wọn ní iye ọjọ́ tí ẹ̀ka náà yóò lò kó tó padà wálé.

Linux fúnra rẹ̀ ní ètò tó bá bí wọ́n ṣe tò mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ń kọ nǹkan sí i, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ara wọn rí. Torvalds kò lè mọ gbogbo wọn. Ó mọ àwọn alábòójútó ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn náà mọ àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Ìyípadà ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, bí ẹjọ́ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ baálé dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ kó tó dé ààfin. Bí ẹ̀dà kan bá jáde, ilẹ̀kùn yóò ṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn alábòójútó kó iṣẹ́ tuntun wọlé. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn tì, àtúnṣe àṣìṣe nìkan ló kù láti ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ méje. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tuntun ń jáde ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá síra. Ẹ̀ka pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ olúkúlùkù mọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà dé.

Bọ́tìnì tó gba ọdún kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àìmọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ lè fà, kó wo Windows Vista. Ọdún 2001 ni Microsoft gbé Windows XP jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, wọ́n da iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí èyí tó tẹ̀lé e nù, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2007 ni Vista tó dé ọwọ́ àwọn oníbàárà lápapọ̀. Ohun tó fà á pọ̀, n kò ní dì í ru ẹ̀ka nìkan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2006, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ ìrírí rẹ̀ sí gbangba. Ó ní nǹkan bí ọdún kan ni òun fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo: àkójọ àṣàyàn tí à ń rí nígbà tí a bá fẹ́ pa kọ̀ǹpútà.

Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Àwùjọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹ̀ka náà wà lára ẹ̀ka mìíràn. Òun náà tún wà lára òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí dé ìtì. Ohun tí òun bá kọ lónìí gbọ́dọ̀ gòkè láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kó tó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwùjọ kejì tó ń bá òun ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìrìnàjò yìí ń gba oṣù kan sí mẹ́ta. Ẹ fojú inú wo ọkọ àti ìyàwó tó ń gbé ilé kan náà, tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Bí ọ̀kan bá ní kí wọ́n se iyán, nígbà tí èkejì yóò fi gbọ́, iṣu ti tán nílé.

Àwòrán kan tó gba ayé kan

Nígbà tí Git ń tàn kálẹ̀, tí GitHub sì dé ní ọdún 2008 láti jẹ́ àká gbogbogbòò fún iṣẹ́ Git, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlànà tí wọn yóò máa tẹ̀ lé. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Vincent Driessen, tẹ àlàyé kan jáde nípa bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe ń lo ẹ̀ka. Ó fi àwòrán aláràbarà kan sí i. Lórí àwòrán náà, ẹ̀ka méjì wà tí kì í kú: ọ̀kan fún ohun tó ti dé ọwọ́ oníbàárà, ọ̀kan fún ohun tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta mìíràn wà tí ń bí tí ń kú: èyí tí a fi ń ṣe ohun tuntun, èyí tí a fi ń palẹ̀mọ́ fún ìgbéjáde, àti èyí tí a fi ń pa iná ọ̀ràn pàjáwìrì.

Orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni Gitflow. Ó gba ayé kan. Àwọn ọ́fíìsì tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ àwòrán náà mọ́ ara ògiri, ó sì di òfin. Kò yani lẹ́nu. Git fún ènìyàn ní òmìnira tí kò ní ìpẹ̀kun, òmìnira bẹ́ẹ̀ a sì máa da ojú rú. Ẹni tó bá mú ìwé ìlànà tó já geere dé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọba ni.

Kò pẹ́ tí ohùn mìíràn fi jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Scott Chacon, ọ̀kan nínú àwọn tó dá GitHub sílẹ̀, sọ pé àwọn ní ilé iṣẹ́ àwọn kò lo Gitflow, nítorí ó díjú ju ohun tí iṣẹ́ àwọn ń fẹ́ lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìtì kan ló wà, ohun tó bá sì wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè gbé fún oníbàárà nígbàkúùgbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan yóò ya ẹ̀ka kan, yóò pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, yóò dà á padà. Ó parí. Lóòjọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ tuntun jáde, nítorí náà wọn kò nílò ẹ̀ka kan tí wọ́n yóò fi máa palẹ̀mọ́.

Ilé iṣẹ́ mìíràn tún wà tó lọ jìnnà ju báyìí lọ. Ní ọdún 2016, àwọn òṣìṣẹ́ Google méjì, Rachel Potvin àti Josh Levenberg, ṣàlàyé pé nǹkan bí 25,000 onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà ń pín àká kan ṣoṣo lò, tí ìlà iṣẹ́ inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù méjì. Orí ìtì kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka fún iṣẹ́ tuntun kò wọ́pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ẹ̀ka ìgbéjáde. Ní ọdún 2018, ìwé Accelerate, tí Nicole Forsgren, Jez Humble àti Gene Kim kọ, ròyìn ìwádìí wọn pé àwọn àwùjọ tó ń ṣe dáadáa jù lọ kì í ní ju ẹ̀ka bíi méjì lọ tó wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ka wọn kì í sì í lò tó ọjọ́ kan.

Báwo wá ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí ṣe lè dà á mọ́ ìtì láìba nǹkan jẹ́? Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọn yóò fi bọ́tìnì kan bo iṣẹ́ tí kò tíì pé mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà wà lórí ìtì, ṣùgbọ́n oníbàárà kò lè rí i títí tí wọ́n yóò fi tan bọ́tìnì náà. Àwọn òṣìṣẹ́ Flickr ti ṣàlàyé ọgbọ́n yìí láti ọdún 2009.

Ọgbọ́n náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tuntun sórí sáfà rẹ̀. Sáfà mẹ́jọ ló yẹ kó gbà á. Ọ̀kan kò gbà á. Bọ́tìnì tí ètò tuntun náà ń lò ti jẹ́ ti ètò àtijọ́ kan rí, èyí tí wọn kò lò mọ́ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò yọ kúrò. Nígbà tí wọ́n tan bọ́tìnì, sáfà kẹjọ jí òkú ètò àtijọ́ dìde. Láàárín bí ìṣẹ́jú 45, ó ra ìpín, ó tà á, láìdúró, ilé iṣẹ́ náà sì pàdánù owó tó ju 400 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ilé iṣẹ́ mìíràn ti gbà á mọ́ra. Ẹni tó bá pa ẹ̀ka tì nítorí bọ́tìnì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bọ́tìnì náà ń fẹ́ kí a máa gbálẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó kọ òfin tún òfin sọ

Ohun tó wú mi lórí jù lọ nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020. Vincent Driessen, ẹni tó ya àwòrán tó gba ayé kan, padà sí àlàyé tó ti kọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sí òkè rẹ̀. Kò bú ìlànà rẹ̀, kò sì gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ní ọdún 2010, irú iṣẹ́ tí òun ń rò ni èyí tó ń jáde ní ẹ̀dà-ẹ̀dà, tí àwọn oníbàárà sì lè máa lo ẹ̀dà àtijọ́ lọ. Ó ní iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀dà kan ṣoṣo ló máa ń wà níta, wọn kì í sì í sábà dá a padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ó gba àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo ohun tó rọrùn ju tòun lọ. Ó wá rọ olúkúlùkù láti wo ipò ara rẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ pinnu.

Mélòó nínú àwa oníròyìn, mélòó nínú àwọn aṣòfin wa, ló máa ń padà sórí ohun tó kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn láti sọ pé ayé ti yí? Àwọn àgbà ní ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Okùn tó yẹ ewúrẹ́, bí a bá so ó mọ́ adìyẹ lọ́rùn, okùn náà kọ́ ló jẹ̀bi.

Ìdáhùn tí mo fún àbúrò mi

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí tán, mo pe àbúrò mi. Mo sọ fún un pé ìtàn kò fi hàn pé ìlànà kan borí gbogbo ìlànà. Ohun tó fi hàn ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú orúkọ ìlànà èyíkéyìí. Èkíní: báwo ni iṣẹ́ yín ṣe ń dé ọwọ́ oníbàárà, ẹ̀dà mélòó ló sì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Èkejì: kí lẹ ní tó lè tètè ké gbàjarè bí ẹnì kan bá ba ìtì jẹ́? Ẹ̀kẹta: báwo ni ẹ ṣe mọ ara yín tó, tí ẹ sì fọkàn tán ara yín?

Ó rò ó díẹ̀. Ètò tí wọ́n ń ṣe jẹ́ èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń ṣírò ọjà wọn. Apá kan rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì wà níta. Apá kejì wà lórí fóònù. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn oníbàárà wa kì í sọ ti orí fóònù di tuntun, nítorí dátà wọ́n. Ẹ̀dà ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ ìyá alátà kan ní Mushin.” Lójú ẹsẹ̀ ló rí i pé àwọn tó ń jà ní ọ́fíìsì wọn, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn tó ń ṣe apá íntánẹ́ẹ̀tì ń béèrè fún ìtì kan àti ẹ̀ka tí kò pẹ́. Òótọ́ wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó ń ṣe apá fóònù ń béèrè fún ẹ̀ka ìgbéjáde, kí wọ́n lè tún àṣìṣe inú ẹ̀dà àtijọ́ ṣe láìfi ohun tuntun kún un. Òótọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn náà.

Mo bi í léèrè nípa ìbéèrè kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kò tó nǹkan. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì fara wé Google. Ẹni tí kò ní ajá tó ń gbó lóru kì í ṣí ilẹ̀kùn sùn. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìdánwò yín. Kí ẹ̀ka yín máa lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ná. Bí ìdánwò bá ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ máa dín ọjọ́ náà kù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ fún un pé kò ní àyọkúrò. Yálà Gitflow ni, yálà ìtì kan ni, yálà ti Linux ni, kí gbogbo ẹ̀ka ní ọjọ́ tí yóò padà, kí ẹnì kan sì wà tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ka fi jìnnà sí ìtì, ìtì náà ń dàgbà lọ láìdúró dè é. Ẹni tó ya ẹ̀ka rò pé òun ń dá ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀rùn. Gbèsè ló ń jẹ, ọjọ́ ìdàpọ̀ ni yóò san án, pẹ̀lú èlé.

Mo tún ronú padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn. Èmi àti igbákejì olóòtú kò jìnnà síra ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. A kò ní SCCS, a kò ní CVS, a kò ní Git. Ṣùgbọ́n a ní ẹnu. Bí ọ̀kan nínú wa bá ti dìde ní agogo mẹ́sàn-án, tó lọ bá èkejì, tó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ ti yí padà títí di ìsinsìnyí?” orúkọ náà kì bá tí jáde. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti dá láti ọdún 1972 wá, ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n ń gbìyànjú láti rí i dájú pé ẹnì kan béèrè, kí ilẹ̀ tó ṣú.